Ẹyẹ aṣíkiri létí omi, ẹyẹlé nínú àjà ilé: àrùn wo ni wọ́n lè kó ràn wá, kí ni ká sì ṣe?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló gbà mí lọ́kàn. Bí àsìkò àwọn ẹyẹ aṣíkiri bá ti dé, adágún omi tó wà lẹ́yìn ilé wa máa ń kún fún wọn ni. Àwọn ẹyẹlé náà sì ti sọ àjà ilé wa di ibùgbé, imí wọn ti di òkìtì lórí pákó. Àbúrò mi rí òkú pẹ́pẹ́yẹ igbó kan létí omi láàárọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí ọmọ mi kékeré gbé e.

Àwọn kan ládùúgbò ní ká gé gbogbo igi tí wọ́n ń sùn sí, pé àrùn ni wọ́n ń gbé kiri. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ẹyẹ kì í kó àrùn ran ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, ẹ̀dọ̀fóró wọn ò sì le tẹ́lẹ̀. Òun gan-an ló ń já mi láyà.

Dókítà Ẹranko

Ẹ kú àníyàn, mà. Tọ̀tún tòsì ló mú díẹ̀ nínú òótọ́. Ẹyẹ ń gbé kòkòrò àrùn tó lè mú ènìyàn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí àrùn ti ara ẹyẹ tó ń fò kọjá lókè bọ́ sára ẹni tó dúró nílẹ̀. Ohun kan ló máa ń ṣe agbódegbà láàárín wọn: imí tó gbẹ tó di eruku, ẹ̀fọn, eégbọn, omi, adìyẹ ọ̀sìn, tàbí ọwọ́ tó gbé òkú ẹyẹ. Tí ènìyàn bá wá bá mi, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni ibi tí òun àti ẹyẹ náà ti pàdé. Ibẹ̀ la ti máa ń dí ọ̀nà mọ́ àrùn.

Òkú pẹ́pẹ́yẹ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ara pẹ́pẹ́yẹ igbó àti àwọn ẹyẹ omi ni fáírọ́ọ̀sì fúlù ẹyẹ ti ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú ìfun wọn ló ń wà, wọ́n á máa yà á sínú omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní ṣàìsàn rárá. Èyí tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù báyìí, H5N1, ara ẹyẹ ọ̀sìn ni wọ́n ti rí baba ńlá rẹ̀, ní Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà lọ́dún 1996. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó mú ènìyàn 18 ní Hong Kong, 6 nínú wọn sì kú. Nígbà tó di 2005, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ igbó ní adágún Qinghai ní Ṣáínà, láti ìgbà náà ló sì ti ń bá àwọn ẹyẹ aṣíkiri rìnrìn àjò. Ó dé Nàìjíríà ní 2006, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kéde rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Ìparí 2021 ló wọ Àríwá Amẹ́ríkà, ó gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní 2022. Ní oṣù kẹta 2024, wọ́n rí i lára màlúù oníwàrà ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀sìn ènìyàn ló kọ́kọ́ kó o fún ẹyẹ igbó, kí ẹyẹ igbó tó máa dá a padà fún wa.

Ènìyàn tó ti kó H5N1 láti 2003 lé ní 900 nínú àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì kú. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, ẹ ronú nípa iye ènìyàn tó ń fọwọ́ kan adìyẹ lójoojúmọ́ ayé kẹ́ ẹ tó ka 900 sí ohun tó pọ̀. Kò rọrùn fún fáírọ́ọ̀sì yìí láti wọ ara ènìyàn, kò sì tíì rọrùn fún un láti máa ti ara ènìyàn kan bọ́ sí ara èkejì. Adìyẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ ọ̀sìn tó ń ṣàìsàn tàbí tó ti kú ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn fọwọ́ kàn. Àmọ́ o, ti ẹyẹ igbó náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Azerbaijan lọ́dún 2006, àwọn kan ń fa ìyẹ́ òkú àwọn ẹyẹ odò ńlá funfun tí wọ́n ń pè ní swan, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o, àwọn kan nínú wọn sì bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé pẹ́pẹ́yẹ yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá sún mọ́ ọn. Ẹ pe ọ́fíìsì ìtọ́jú ẹranko tó sún mọ́ yín, àgàgà tẹ́ ẹ bá rí ju ẹyọ kan lọ. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ fúnra yín, ẹ wọ ibọ̀wọ́, ẹ ki ọwọ́ sínú àpò ọ̀rá, kẹ́ ẹ fi di ẹyẹ náà mú, kẹ́ ẹ wá yí ọ̀rá náà padà kó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ so ó, ẹ tún fi ọ̀rá mìíràn bò ó, kẹ́ ẹ sì sin ín jìnnà sí kànga àti odò, kó jìn tó tí ajá ò fi ní lè hú u. Ọṣẹ àti omi kápá fáírọ́ọ̀sì yìí dáadáa, torí ọ̀rá ló fi ṣe aṣọ ìbora, ọṣẹ á sì tú u.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Dókítà ti sọ̀rọ̀. Àjà ilé yẹn ló kan èmi, nítorí màmá.

Ẹ má gbá a o! Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ kan imí ẹyẹ tó ti pẹ́. Eruku tó bá gbéra níbẹ̀ ló léwu jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, ó léwu ju pẹ́pẹ́yẹ lọ fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò le.

Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Chlamydia psittaci, odídẹrẹ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Láàárín 1929 sí 1930, ó jà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè nígbà tí àwọn oníṣòwò ń kó odídẹrẹ́ láti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ tà. Ẹyẹlé náà ń gbé e. Ènìyàn á fa eruku rẹ̀ símú, ibà á dé, orí á máa fọ́, ikọ́ gbígbẹ á tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn ó máa ń di òtútù àyà. Oògùn doxycycline máa ń wò ó tí wọ́n bá tètè dá a mọ̀. Àmọ́ mo ti rí i léraléra lẹ́nu iṣẹ́ pé aláìsàn ò ní dárúkọ ẹyẹ, dókítà náà ò sì ní bi í. Oògùn mìíràn tí kò bá a mu ni wọ́n á máa fún un.

Òmíràn tún ni Histoplasma. Ìdílé kan náà ni òun àti olu, àmọ́ ojú lásán ò lè rí i. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, imí ẹyẹ ló jẹ́ ajílẹ̀ rẹ̀. Ẹyẹ fúnra rẹ̀ kì í kó o, torí ara ẹyẹ gbóná ju èyí tí kòkòrò náà lè fara dà. Ti àdán ò rí bẹ́ẹ̀, àdán máa ń kó o. Tí àdán bá wà nínú àjà yẹn pẹ̀lú ẹyẹlé, ẹ fi kún ìṣọ́ra yín. Cryptococcus, tí òun náà jẹ́ ìdílé olu, ń gbé inú imí ẹyẹlé. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè fà á símú kó má mọ̀ láéláé, àmọ́ tó bá bá ẹni tó ní HIV tí kò sí lórí oògùn, tàbí ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tàbí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, ó lè wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n fojú kéré rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Kí màmá àti àwọn ọmọ kúrò nílé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má kàn wọ yàrá kejì. Ẹ wọ ìbòmú N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ti aṣọ kò tó. Ẹ wọ ibọ̀wọ́, gíláàsì ìdáàbòbò ojú, àti aṣọ àtijọ́. Ẹ fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ wọ́n imí náà lẹ́lẹ̀, ẹ má tú omi náà pẹ̀lú agbára tó máa jẹ́ kó fọ́n ká, kẹ́ ẹ sì dúró kó rin dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó o nígbà tó ṣì tutù, ẹ dà á sínú ọ̀rá méjì tó wọnú ara wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ ó fi omi apakòkòrò nu ilẹ̀ ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo èyí tó ní kilorínì, ẹ má po ó mọ́ oògùn ìfọ̀ǹkan mìíràn, torí àdàlù wọn lè yọ afẹ́fẹ́ olóró. Ẹ fọ aṣọ yẹn lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì wẹ̀.

Bó bá jẹ́ òkìtì ọ̀pọ̀ ọdún ni, ẹ wá àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Owó tẹ́ ẹ máa ná síbẹ̀ tọ́ sí i.

Awẹyẹwò

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa igi tí wọ́n fẹ́ gé, torí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹyẹ tẹ́ ẹ bá lé kò ní parẹ́, á fọ́n ká sí àjà ilé àwọn ẹlòmíràn àti ọgbà adìyẹ tó wà nítòsí, á sì kó ohun tó bá wà lára rẹ̀ dání. Ọ̀nà jíjìn kì í sì í ṣe ìṣòro fún wọn. Lọ́dún 2022, ẹyẹ kan tó ń jẹ́ godwit, tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lára, gbéra ní Alaska, kò balẹ̀ títí tó fi dé Tasmania, kìlómítà 13,560. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa fi àáké dá irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ dúró?

Ìdí mìíràn wà tó wúwo ju ìyẹn lọ lójú mi. Ẹyẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ̀ pé àrùn ti dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1999 sí ìgbà ìwọ́wé, ọ̀pọ̀ kannakánná ń kú ní New York, àwọn ènìyàn kan náà sì ń wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọpọlọ wíwú. Àwọn onímọ̀ ìlera kọ́kọ́ pe ti àwọn ènìyàn náà ní àrùn mìíràn tí ẹ̀fọn ń gbé. Tracey McNamara, dókítà tó ń yẹ òkú ẹranko wò ní ọgbà ẹranko Bronx, ló takú pé ohun tó ń pa ẹyẹ àti ohun tó ń mú ènìyàn lè jẹ́ ọ̀kan náà. Òun ló jàre. Fáírọ́ọ̀sì West Nile ni, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Uganda lọ́dún 1937, tí kò dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí. Ẹni tó bá pa gbogbo kannakánná àdúgbò rẹ̀ ti pa ẹni tó ń ta á lólobó.

Olóko Kékeré

Ẹ̀gbọ́n Awẹyẹwò, ẹ ṣé. Ṣé ara kannakánná ni West Nile ti ń bọ́ sára ènìyàn ni?

Awẹyẹwò

Rárá o, ẹ̀fọn ni. Irú ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Culex á mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ, á wá mu ti ènìyàn tàbí ẹṣin. Ẹyẹ aṣíkiri lè gbé e láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ní 1998, agbo ẹyẹ àkọ̀ tó ń ṣí lọ balẹ̀ sí Eilat ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì náà lára wọn. Àmọ́ tí kò bá sí ẹ̀fọn tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹyẹ, ibẹ̀ ló parí sí. Ara ènìyàn náà ò lè fi ran ẹ̀fọn mìíràn, torí kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Nǹkan bí 8 nínú ènìyàn 10 tó bá kó o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe wọ́n. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 150 ló máa ń wọ ọpọlọ tàbí iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn àgbàlagbà ló sì máa ń ṣe léṣe jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà fún ẹṣin, kò tíì sí fún ènìyàn. Nítorí náà, àáké tí wọ́n fẹ́ gbé síbi igi yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́bìrì rọ́pò rẹ̀: kí wọ́n la ojú gọ́tà, kí wọ́n da omi inú táyà àti korobá nù, kí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé.

Olóko Kékeré

Ó yé mi wàyí. Èmi ń sin adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí agboolé ẹni tó ń sin ẹyẹ ni àrùn àwọn ẹyẹ aṣíkiri ti sábà ń rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ má jẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ ilé àti ti igbó jọ máa lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún kan. Oúnjẹ adìyẹ kò gbọdọ̀ wà ní ìta gbangba, torí ológoṣẹ́ àti àdàbà á bá wọn jẹ ẹ́, wọ́n á sì yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ ní bàtà tó jẹ́ ti inú ọgbà adìyẹ nìkan, kó má jáde síta láéláé. Bàtà ni mo fi ń dán gbogbo olùsìn ẹyẹ wò: ẹni tó bá gba etí adágún wọnú ọgbà rẹ̀ láìpààrọ̀ bàtà, asán ni gbogbo oògùn tó ń rà. Ẹyẹ tuntun tẹ́ ẹ bá rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó wà nílẹ̀.

Tí adìyẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré kó ìyókù lọ sọ́jà. Mo mọ bó ṣe ń dun ni. Ọjà yẹn gan-an ló ń sọ àìsàn ọgbà kan di ti ìlú. Ẹ ké sí àwọn dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an.

Dókítà Ẹranko

Òótọ́ pọ́ńbélé. Kí n fi kún un pé ẹran tàbí ẹyin tí iná bá wọ inú rẹ̀ dé ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius kò ní fáírọ́ọ̀sì yẹn láàyè mọ́. Ibi pípa, fífa ìyẹ́ àti yíyọ ìfun ni ewu wà. Àmọ́ ẹyẹ tó kú fúnra rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ, bó ti wù kó jinná tó.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Nọ́ọ̀sì wa, ẹ má bínú, àbúrò mi ti gun àjà yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá láìlo ìbòmú. Kí ni ká máa wò lára rẹ̀? Ṣé abẹ́rẹ́ fúlù tí wọ́n máa ń gbà lọ́dọọdún lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ti ẹyẹ?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ má fòyà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gun irú àjà bẹ́ẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ẹ kàn máa ṣọ́ ọ. Àrùn odídẹrẹ́ yẹn máa ń fara hàn láàárín ọjọ́ 5 sí 14, ti Histoplasma láàárín ọjọ́ 3 sí 17. Ti West Nile máa ń jẹ́ ọjọ́ 2 sí 14 lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá ti jẹ ènìyàn. Fúlù ẹyẹ sábà máa ń yá jù wọ́n lọ, kì í sì í pẹ́ ju nǹkan bí ọjọ́ 10 lọ. Bí ibà, ikọ́, mímí gúlegúle, ojú pípọ́n tàbí orí fífọ́ tó le bá mú un láàárín àsìkò yìí, kó lọ sílé ìwòsàn, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa sọ sì jẹ́: "Mo wọ ibi tí imí ẹyẹ pọ̀ sí." Ní ti fúlù ẹyẹ, oògùn oseltamivir wà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 2 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ọdọọdún kì í dènà H5N1. Síbẹ̀, mo máa ń gba àwọn tó ń sin ẹyẹ níyànjú láti gbà á, torí tí fúlù ènìyàn àti ti ẹyẹ bá pàdé nínú ara ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀yà ara wọn, kí irú tuntun tó ń tètè ràn jáde níbẹ̀.

Alágbàṣe Òrùlé

Mo ń ṣe iṣẹ́ òrùlé, mo rí èyí lójoojúmọ́. Kẹ́ ẹ tó dí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé, ẹ fetí sílẹ̀ bóyá ọmọ ẹyẹ ń ké nínú ìtẹ́. Tẹ́ ẹ bá dí i mọ́ wọn, wọ́n á kú síbẹ̀, wọ́n á jẹrà, idin àti eégbọn ẹyẹ á wá sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín nínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn kọ́kọ́ fò lọ. Nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré ló dára jù, ó ń dènà ẹyẹ, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bàọ́lọ́jì

Ẹ fi eégbọn kún un dáadáa. Àwọn eégbọn Hyalomma tó ṣì kéré máa ń lẹ̀ mọ́ ẹyẹ tó ń kúrò ní Áfíríkà lọ sí Yúróòpù. Lọ́dún 2018 wọ́n rí àwọn tó ti dàgbà ní Jámánì. Irú eégbọn yìí ló ń gbé ibà Crimean-Congo tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ kì í kó àrùn náà fúnra wọn, eégbọn ni wọ́n ń gbé rìn. Ẹni tó bá ń lọ sínú koríko gíga tí ẹyẹ ń bà sí, kó wọ ṣòkòtò gígùn, kó sì yẹ ara rẹ̀ wò tó bá délé.

Ẹ sì máa fọ ohun ọ̀gbìn tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ní tútù. Ní Alaska lọ́dún 2008, àwọn ẹyẹ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní crane yàgbẹ́ sínú oko pea, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jẹ ẹ́ ní tútù ló kó bakitéríà Campylobacter, ìgbẹ́ gbuuru sì dá wọn gúnlẹ̀.

Ìyá Arúgbó

Èmi máa ń fún àwọn ẹyẹ kéékèèké lóúnjẹ lójú fèrèsé. Ṣé kí n ṣíwọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ mi?

Awẹyẹwò

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí ẹyẹ tó wúlé, tó ń sùn sójú kan tàbí tó kú nítòsí àwo yẹn, ẹ dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n lè fọ́n ká. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021, bakitéríà Salmonella pa ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké nídìí irú àwo bẹ́ẹ̀, ó sì mú àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Bí kò bá sí aláìsàn nínú wọn, ẹ máa bá a lọ, àmọ́ kẹ́ ẹ máa fọ àwo náà lóòrèkóòrè níta, kó má dé ibi tẹ́ ẹ ti ń fọ abọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ológbò, ẹ má jẹ́ kó máa ṣọdẹ níbẹ̀. Ológbò máa ń kó H5N1 tó bá jẹ ẹyẹ tó ní i, ó sì máa ń pa wọ́n.

Ìyá Arúgbó

Mo gbọ́. Èyí tó bá ṣubú tó ṣì wà láàyè ńkọ́?

Dókítà Ẹranko

Mà, ẹ má kì í mọ́lẹ̀. Ẹ fi páálí tó ní ihò afẹ́fẹ́ bò ó níbi tó wà, ẹ pè wá, kẹ́ ẹ sì sọ irú ẹyẹ tó jẹ́, ibi tẹ́ ẹ ti rí i, àti bóyá orí rẹ̀ ń wárìrì tàbí ọrùn rẹ̀ lọ́. Tó bá jẹ́ ẹyẹ omi tí ọrùn rẹ̀ lọ́, kí ẹnikẹ́ni má dúró tì í títí a ó fi dé.